Ẹ̀yìn Ló Wà

Ọdún méje ni mo fi kó o jọ sínú agolo mílíìkì,
lẹ́yìn náà sí báǹkì, nígbà tí agolo ò gbà á mọ́.
Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà.
Ìyàwó mi ní kí n fi ra ilẹ̀ lọ́nà Òṣú.
Mo ní ilẹ̀ kì í kọrin.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò tí pọ́líìṣì ò tíì kàn,
mo gun ọ̀kadà dé Òkèsà, ṣọ́ọ̀bù Fálúyì.
Ó gbé àpótí náà sórí káńtà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
Ó ṣí i.
Àrán pupa. Òórùn igi.
Àwọ̀ gìtá náà bí oyin inú ìgò tí oòrùn ń wò,
ó wá ń dúdú lọ sétí, bí búrẹ́dì tó pẹ́ díẹ̀ nínú ààrò.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń kun igi n'Íléṣà:
àga ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, pósí olówó.
Ojú mi ti di sáńpépà.
Fálúyì ki wáyà bọ àńpù, ó ta okùn kan ṣoṣo;
ohùn náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi gòkè bí omi tútù.
Ṣùgbọ́n etí nìyẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ò tíì gbà.

"Ta ló ti fọwọ́ kàn án kí n tó dé?"
Ìtẹ̀ka ẹnìkan wà lára irin rẹ̀, bí ẹni fọwọ́ tẹ ìwé ilẹ̀.
Irin kan lọ́rùn rẹ̀ gé mi níka,
díẹ̀ báyìí, bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.
Kọ́kọ́rọ́ àpótí, kò sí.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀:
ìlà kan, kò gùn ju ìrẹsì mẹ́ta lọ,
níbi tí oyin ti bó tí igi funfun ń yọjú.

Fálúyì rẹ́rìn-ín. "Bàbá Mosúnmọ́lá, ẹ̀yìn ló wà.
Ta ni yóò rí i?
Ẹ jẹ́ n yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta."

Ìyá ìyá mi ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì.
Bó bá tú aṣọ fún oníbàárà, á tú u dé ìṣẹ́tí,
lójú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ òrùlé.
Ẹni tí yóò san gbogbo owó, gbogbo aṣọ ni kó rí.
Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbà á lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.

Èmi náà lóṣòó. Láàárín ṣọ́ọ̀bù, orúnkún mi ń ké.
"Òṣó ni màá ló, Fálúyì,
títí o ó fi gbé èyí tí kò lábàwọ́n wá."
Oníbàárà méjì wọlé, wọ́n kí mi,
wọ́n rìn yí mi ká bí àga.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà padà wá bá mi:
ẹ̀yìn ló wà, ta ni yóò rí i?
Kì í ṣe ohùn Fálúyì. Ohùn mi ni.
Lọ́dún tó kọjá, opó kan ní Ìrojò
ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ ilé ọkọ.
Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn pátákó ìgbèrí, ó rí i pé n kò kùn ún.
Mo ní, "Ìyá, ògiri nìyẹn máa kọjú sí."
Ó ka owó náà pé. Kò lóṣòó.
Ó kàn fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ibẹ̀.

Mo dìde. Fálúyì rò pé mo ti gbà.
"Má tà á," ni mo wí. "Ìjà wa ò tíì parí. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ọ̀kadà ò gbé mi délé.
Ìrojò ni mo ní kó já mi sí, kí n béèrè ilé ọkọ ọmọ náà,
agolo pọ́líìṣì kan lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì méjì lápò,
tí mò ń ro ohun tí n ó sọ fún ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí,
pé kó jọ̀ọ́,
kó bá mi sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lára ògiri.