Dúrọ́ọ̀ Kejì

Afẹ́fẹ́ Punta Arenas ló tì mí wọlé kí n tó kan ilẹ̀kùn.
Ọ́fíìsì amòfin tó ń jẹ́rìí sí ìwé, òkè ilé olóògùn,
ènìyàn mọ́kànlá lórí bẹ́ǹṣì.
Apẹja kan di ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ àyà
bí ẹni gbé ọmọ tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ.

"Yerka, ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè," ni Nolberto wí.
"Mo kó pépà gígùn sí i, ó ní kúkurú ni.
Mo kó o jáde, mo tún un kó, ó ní kúkurú ni.
Mo pa á, mo tàn án. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbá a létí.
Ó ní kúkurú ni."

A4 ló kọ sójú ara rẹ̀.
Ta ló ń lo A4 níbí?
Ìwé ilẹ̀, ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé ìkọ̀sílẹ̀,
orí ofísíò ni òfin wa ti ń sọ̀rọ̀,
pépà tó gùn ju bàtà Nolberto lọ.
Ẹ̀rọ wá ń jẹ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá,
ibi tí orúkọ àti ìfọwọ́sí wà.
Ilẹ̀ ń bẹ, onílẹ̀ ti dàwátì.

Mi ò kọ́kọ́ tú nǹkan kan.
Ìyá Zlata tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń wí pé
fi ojú wò ó kí o tó fi irin wò ó.
Mo yẹ ike méjì tó há pépà lẹ́gbẹ̀ẹ́: wọ́n fún un dáadáa.
Mo yẹ ike ẹ̀yìn: ó wà lójú àmì.
Wọ́n ti kó pépà kọjá ìlà pupa, mo bù ú kù.
Mo ti dúrọ́ọ̀ padà.
Kúkurú ni.

Síwíìṣì mẹ́rin ló tò sẹ́yìn ibẹ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́.
Tí dúrọ́ọ̀ bá wọlé, àwọn ìka ike yóò tẹ òmíràn,
wọn yóò fi òmíràn sílẹ̀;
bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ pépà nìyẹn.
Kò rí i rí. Kò wọ̀n ọ́n rí.
Ẹ̀yìn ló ti ń gbọ́, ó sì ń gbà gbọ́.
Mo fi ìka tèmi tẹ̀ wọ́n.
Àkọ́kọ́ dáhùn. Èkejì dáhùn.
Ẹ̀kẹta tí mo ti ń fura sí, òun náà dáhùn.
Ẹ̀kẹrin dáhùn.
Kò sí aláìsàn láàárín wọn.

Mo dojú dúrọ́ọ̀ délẹ̀.
Ìka ike kẹta ti kán nídìí,
ojú egbò rẹ̀ funfun bí egungun ẹja.
Nolberto wo àjà. Lẹ́yìn náà ó wo bàtà rẹ̀.
"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni mo fi tì í. Ọwọ́ mi kún."

Mi ò bá a wí.
Èmi náà ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan rí
lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi kún.
Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a ò tíì sọ̀rọ̀ dòní.

Ike tuntun ń bọ̀ láti Santiago, ọjọ́ mẹ́sàn-án,
bí afẹ́fẹ́ bá gbà kí bàálù balẹ̀.
Fún òní, mo ní kí ẹ̀rọ má méfò mọ́.
Mo fi ọwọ́ yàn án fún un: dúrọ́ọ̀ kejì, ofísíò.
Ohun tí a bá wí ni yóò gbà báyìí,
òótọ́ ni o, irọ́ ni o,
nítorí náà mo lẹ ìwé mọ́ ọn lórí:
ẸNIKẸ́NI MÁ KÓ PÉPÀ KÚKURÚ SÍBÍ.

Apẹja ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Kò ka òkè.
Ó fi àtàǹpàkò wá ìsàlẹ̀ lọ, orí ewé tó ṣì gbóná,
títí ó fi kan Baldovino Barría.
Ó dì í sínú kóòtù, ó jáde sínú afẹ́fẹ́.

Mò ń kó irin mi.
Lẹ́yìn mi, Nolberto ń ti dúrọ́ọ̀ kìíní,
jẹ́jẹ́, ọwọ́ méjèèjì.