Bàbá Mi Ò Fún Wọn Láṣẹ

Ọdún tí wọ́n ní bàálù kéékèèké ń bọ̀ wá pàdé ní Ṣábẹ̀ẹ́,
bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣán koríko.
Àdá méjì ló kán.
Ṣàbí olùṣọ́ pápá, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún
nígbà tí ìjọba bá rántí:
ó lé màlúù àwọn Fúlàní lọ sí ìsàlẹ̀ òkè,
ó fi ẹfun kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà,
ó gbé àpò aṣọ pupa-òun-funfun kọ́ sórí òpó,
èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ bíi ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Méje ni wọ́n. Orí àpáta la ti kà wọ́n,
èmi àti Bọ̀nà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.
Ìhà Kútọnu ni mẹ́fà ti wá. Ìkeje, aláwọ̀ ọsàn, ará Lomé,
ń wúkọ́ bí àgbà tó fa tábà jù.
Wọn ò tó ọkọ̀ akẹ́rù. Èrò wa ni pé ilé ńlá ló ń fò lójú ọ̀run.
"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" ni Bọ̀nà wí,
síbẹ̀ kò pa ẹnu dé.

Madamu Odíìlì bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan, ó ń wá omi.
Kokú ará Lomé tẹ́ ẹní sábẹ́ apá bàálù rẹ̀, ó sùn.
Àwọn yòókù ń ṣí ikùn ẹ̀rọ ara wọn wò,
wọ́n ń jiyàn
bí àwọn tó ń ra ewúrẹ́ ṣe ń la ẹnu rẹ̀ wo eyín.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé ìkówùú-sí,
wọ́n yí iná sinimá sí i.
Ọmọkùnrin eléjí kan ni, ará Amẹ́ríkà,
ayé ìgbà tí gìtá oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé
tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń fọwọ́ di etí.
Kò dúró jẹ́ẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là.
A ò gbédè rẹ̀; Faransé ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀,
a ò gbọ́ ìyẹn náà tán.
Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan okùn gìtá yẹn,
ìyá Bọ̀nà, tòun tọmọ lẹ́yìn, ti dìde láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù.
Ohun funfun ń já bọ́ láti òkè.
"Òwú ni," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn wa. "Wọ́n ń gbọn òwú."
Ọmọkùnrin náà gbé gìtá lápá, ó ń lọ
síbi bàálù kékeré kan, irú ti Kokú gẹ́lẹ́.
Bàbá mi wo òpó ẹ̀yìn bàálù náà,
ó wo àpò aṣọ tó ń jà lórí rẹ̀,
ó fò dìde:
"Má gòkè! Ọmọ, má gòkè! Afẹ́fẹ́ yẹn ò dáa!"

Ẹ̀rín pa Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọdé ń yí nílẹ̀.
Àwọn tó ń wa bàálù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ọmọkùnrin náà ò gbọ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn,
bàálù gbéra,
epo jẹnẹrétọ̀ tán.
Òkùnkùn. Ẹnìkan ṣépè. A ká ẹní wa, a lọ sílé.

Ní òwúrọ̀, ọyẹ́ ti gbé òkè mì.
Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù ti ń yí, wọ́n fẹ́ máa lọ.
Bàbá mi lọ dúró sáàárín pápá, òun àti àdá rẹ̀,
gèlè pupa ìyá mi lọ́wọ́ òsì.
Kò gbọ́ Faransé kọjá "nọ̀n",
ọ̀kan náà ló ń sọ.
Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n na owó sí i. Ọ̀kan bú u.
Madamu Odíìlì ló kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ tirẹ̀,
tó jókòó sórí koríko.
Ó di ọ̀sán gangan kí òkè tó tún yọrí,
kí bàbá mi tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ti pẹ́. Mo ti gbé ìlú tí yìnyín ń bọ́ sí, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òwú.
Mo ti rí ìyókù fíìmù náà.
Bàbá ò rí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, koríko ti gba pápá,
síbẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé, á bi mí:
"Ọmọ eléjí yẹn, níbo ló balẹ̀ sí?"
Mo ní, "Bàbá, wọn ò tíì fún un láṣẹ."
Á mi orí. Á ní, "Ó dáa.
Kó máa ta gìtá rẹ̀ ná."