Akọ̀wé Igi

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ka igi
ní sọ́míìlì Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó wa yìí:
ìrókò, àfàrà, arère,
ọ̀mọ̀ tí lọ́rì ń kó bọ̀ pẹ̀lú omi òjò lára.
Ayùn á ké, èmi á fa ilà sínú ìwé,
mẹ́rin lóòró, ọ̀kan á dá wọn ní ìbú, ó di márùn-ún.

Igbó tán. Ayùn panu mọ́.
Àwọn géńdé tó ń ru pákó wá jókòó lé pákó,
wọ́n ń ta ayò títí ilẹ̀ fi ń ṣú,
gààrí wá di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ nílé wọn.
Ta ni yóò san owó akọ̀wé
nígbà tí kò sí ohun tí à ń kà?

Nọ́ọ̀sì Ọdúnúgà ló wá bá mi, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.
Ó ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì dà.
Mo ní eku ló kù níbẹ̀.
Ó ní, "Ẹ ṣí i. Àwọn eku á sún fún wa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: tábìlì kan, ẹ̀rọ ìfúnpá kan
tí rọ́bà rẹ̀ ti ń là.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àgbà. Bàbá Ṣówùnmí á bọ́ fìlà,
á ní ẹ̀jẹ̀ òun kì í ru bí nọ́ọ̀sì bá wo ibòmíràn.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ iléèwé:
Gbádébọ̀ ń fi àjákù pákó kọ́ wọn ní ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin,
Mosúnmọ́lá ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ sùn sẹ́yìn rẹ̀,
ó lóun ò ní padà síléèwé mọ́ láéláé.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti jókòó,
ó ń bínú sí ìṣirò bí gbogbo ayé.

Wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ.
Ìwé àtijọ́ náà ni, ojú ewé ṣì kù nínú rẹ̀.
Èmi tó ń ka ọ̀mọ̀, mo wá ń ka ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì la máa ń se ìkọ́kọrẹ́, ìkòkò ńlá kan.
Màmá Ọ̀nàfẹ̀sọ̀ kì í gba oúnjẹ.
Ó kàn ń gbé abọ́ wá lábẹ́ ìborùn:
"Aládùúgbò mi ló rán mi, ara rẹ̀ ò dá."
Mi ò bi í léèrè.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Aládùúgbò, abọ́ kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, abọ́ ò dé.
Mo yẹ ìwé wò, mo tún un yẹ̀ wò,
bí ìgbà tí pákó bá dín nínú ẹrù.
Gbádébọ̀ lọ. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá,
koríko ti hù bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀,
kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.
Màmá fúnra rẹ̀ ló bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kò sí mọ́tò. Àwọn tó ń ta ayò dìde,
wọ́n fa pákó tí wọ́n jókòó lé yọ,
wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, èjìká mẹ́fà,
bí wọ́n ṣe ń ru ìrókò nígbà tí iṣẹ́ wà,
ẹsẹ̀ kan náà: gbé e, rọra, gbé e.

Ó yè. Mi ò ní purọ́ pé ohun gbogbo ló yè.
Òrùlé ń jò, oògùn ti tán láti ìjẹta,
ẹni méjì wà nínú ìwé tí mo fa ilà lé lórí,
tí mi ò lè kà mọ́ márùn-ún kankan.

Ṣùgbọ́n òní Ẹtì ni, ìkòkò ń hó,
ọmọ Mosúnmọ́lá ń fa bírò mọ́ mi lọ́wọ́.
Màmá Ọ̀nàfẹ̀sọ̀ tiro wọlé, abọ́ lábẹ́ ìborùn.
"Aládùúgbò mi kí yín," ó ní,
"ó ní kẹ́ ẹ fẹja sí i lọ́tẹ̀ yìí."
Mo ṣí ìwé.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.