Mo Dúró fún Fádípẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ní oríta Àjàṣẹ́,
níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti kẹ̀yìn sí ọ̀nà Òmù-Àrán
bí ọmọ ìyá méjì tó jà lórí ogún.
Mo ń lẹ táyà ọkọ̀ elépo kan,
ọwọ́ mi dúdú títí dé ìgúnpá,
nígbà tí Fádípẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà,
ó fi ọ̀rá wé bébà kí òjò má baà pa á.
Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

"Kàn bá mi dúró," ló wí.
Ìdúró! Kí ló wà nínú ìdúró?
Mo dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.
Mo dúró lórí ìlà epo láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí.
Mo nu àtàǹpàkò mọ́ ṣòkòtò,
mo tẹ̀ ẹ́. Gírísì bá a lọ.
Akọ̀wé báńkì kò ráhùn nítorí gírísì.

Nígbà tó di oṣù keje, Fádípẹ̀ ti wà ní Lọ́kọ́jà;
wọ́n ní ó wà ní Lọ́kọ́jà.
Obìnrin kan wá, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní,
ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Onídùúró.
Mo ní Àtàndá lorúkọ mi.
Ó ní òun mọ̀.

Lálẹ́, Mopélọ́lá tẹ́ bébà náà sábẹ́ iná fóònù,
ó ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
"Lápapọ̀ àti lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n kọ nìyí, Bàbá."
Mo ní kò burú, àpapọ̀ dára.
Ó ní rárá. Ó ní ẹni tí wọ́n bá rí
ni wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ta ni wọ́n rí?

"Èlé ńkọ́?"
"Náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún."
Márùn-ún! Ta ni márùn-ún ń bà lẹ́rù?
Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó kéré bí èèrà:
lóṣù.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba tí Fádípẹ̀ yá
ti bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin,
kò sì tíì já ọmú.

Ìyá mi àgbà, ní Ìgbàjà, máa ń sọ ti ológò:
á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè,
á bú tọmọ tìyá, á pa adìyẹ wọn jẹ,
títí ojú á fi ti gbogbo agboolé.
Láti kékeré ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ìdógò.
N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà ni,
àti pé ológò òde òní kì í pariwo.

"Bàbá, adójútòfò wà níbí o!
Wọ́n ti yọ owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."
Ara mi yá gágá. Mo ní kà á.
Ó kà á: bí ẹni tó yáwó bá kú,
adójútòfò á san èyí tó kù.
A dákẹ́.
Fádípẹ̀ kò kú.
Kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ má ka ohun tí mo rò sí mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń san díẹ̀.
Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún,
mo gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ le.
Mo fẹ́ kí ara rẹ̀ le.

Lánàá, ọmọ Sùlè tó ń ta pákó gbé bébà dé,
ó ní kò ní pẹ́ rárá, kí n kàn bá òun dúró.
Mo fa àga fún un.
Mo ní Mopélọ́lá á dé láti ilé ìwé ní aago méjì.
Ó wo aago. Ó wo ojú mi.
Mo jókòó.
Táyà kan ń jo díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ.