Ìṣẹ́jú Àáyá Mọ́kànlá

Ẹ̀gbọ́n mi Boitshepo ló lọ́ra jù nílé wa.
Bó bá ń fọ abọ́, oòrùn á wọ̀.
Bí a bá ń jẹun, àwa á ti ṣanwọ́,
òun á ṣì máa bá òkèlè kan ṣoṣo rojọ́.
Ìyá a ní, "Ta ló bí ahun yìí fún mi?"
Bàbá a rẹ́rìn-ín: "Ẹ fi í sílẹ̀,
ibi tó ń lọ ni kò tíì pè é."

Letlhakane nìyẹn, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju omi lọ,
tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń dúró láàárín títì
bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ lówó.
Pápá iléèwé wa kò ní koríko.
Tíṣà Mosinyi fi eérú fa ìlà mẹ́fà síbẹ̀,
afẹ́fẹ́ gbé mẹ́ta lọ.
Ó ní, "Mẹ́ta tó kù tó.
Ẹsẹ̀ méjì péré ni kálukú yín gbé wá."

Èmi ni mo ń di aago mú:
fóònù Bàbá tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́,
tí ẹ̀gbẹ́ kan nọ́ńbà kì í hàn,
tó fi jẹ́ pé mẹ́jọ àti mẹ́ta, ìbejì ni wọ́n lójú mi.
Èyí tó bá dùn ún gbọ́ ni mo máa ń kà fún un.

Oṣù Kẹfà, òtútù aginjù,
aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájọ́,
èéfín ẹnu wa ń ṣáájú wa lọ.
Ó so táyà ọkọ̀ mọ́ ìbàdí,
ó ń fa táyà, iyanrìn ń fa òun.
Tíṣà jókòó sórí garawa, ó fi kúbùsù borí,
ó ń pariwo, "Orúnkún! Orúnkún!
Ilẹ̀ kò jẹ ọ́ ní gbèsè, má dúró tì í!"

Ọdún tí Bàbá kú lójú ọ̀nà ibi ìwakùsà
ni iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já ní Gaborone.
Èmi tí mo wà ní ìjókòó gbọ́ ọ: pàù,
bí ìgbà tí okùn aṣọ já.
Oṣù mẹ́jọ ló fi dùbúlẹ̀ tó ń ka ìṣó òrùlé.
Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìtùnú:
àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.
Ó ní, "Àgbò mọ ibi tí agbára wà.
Ẹ júwe ibẹ̀ fún èmi náà."

N kò mọ ẹni tó júwe rẹ̀.
Mo kàn ta jí lóru kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn,
ọ̀kan wúwo, ọ̀kan ń bẹ̀rù,
yíká ọgbà màlúù tí Bàbá fi sílẹ̀.
N kò jáde. N kò gbé aago.

Ọjọ́ tó sáré ìje ńlá ní Japan,
alẹ́ ni lọ́hùn-ún, ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wa.
Àdúgbò kún yàrá Mma Gasebalwe bámúbámú.
Mo rí i ní ìlà keje, ó kúnlẹ̀,
ó ń fọwọ́ gbá iyanrìn
kúrò nílẹ̀ tí kò ní iyanrìn.
Níta, ewúrẹ́ kan ń jẹ aṣọ Ìyá lórí okùn.
Ìyá ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀," ó jáde lọ lé e.
Nígbà tó fi padà wọlé,
mo ti gun orí àga,
Tíṣà ti wà nílẹ̀, ó ń sunkún sínú fìlà rẹ̀.
Ìyá ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ó dín díẹ̀.
Ọdún mẹ́tàlá la fi sè é,
ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní asárétete kò róyè jẹ.
Ó dé, ó jókòó ti tùwó ọkà bàbà,
wúrà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.
Àwa ti ṣanwọ́.
Ó wò mí, ó ní,
"Fóònù yẹn, mẹ́jọ ni àbí mẹ́ta?"
Mo ní, "Mẹ́jọ ni. Mẹ́jọ ni ní gbogbo ìgbà."
Ó ní, "Mo mọ̀."
Òkèlè yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.