Odi Àárín Odò

Bí odò Warta bá fà nígbà ẹ̀rùn,
Seweryn apẹja a máa ṣépè lórí àwọ̀n rẹ̀ tó ya:
"Àwọn òpó yẹn tún ti jẹ mí níyà!"
Òpó dúdú, dúdú bí ìdí ìkòkò,
wọ́n yọrí nínú ẹrẹ̀ bí eyín arúgbó,
ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún.

Igi óákù ni. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù.
Àwọn tó mọ igi ka òrùka inú rẹ̀,
wọ́n ní ìgbà òtútù ni wọ́n gé e,
ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún.

Sulek gbẹ́nàgbẹ́nà ló rì wọ́n mọ́lẹ̀.
Èmi ni mo sọ ọ́ ní Sulek,
nítorí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀.
Niemira nìkan ni ìwé rántí,
Niemira tó ń gba oyin àti awọ
lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá.
Sulek kò lo ìṣó kan:
ó ki ẹnu igi bọ ẹnu igi,
ó fi koríko irà dí ojú ihò.
Afárá kan ṣoṣo ló wà,
wọ́n ń ká a nílẹ̀ lálaalẹ́ bí ẹní.
Niemira a rẹ́rìn-ín: "Ta ló fẹ́ wọlé?
Ọlọ́run ló mọ odi tèmi, omi ló fi mọ ọ́."

Ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Lóòótọ́, ògiri ò lanu.
Odò ló pa ẹnu dé.
Lọ́dún yẹn, òtútù mú títí ẹyẹ fi ń já bọ́ lórí igi,
odò dì gbagidi,
ohun tó jẹ́ odi lálẹ́ àná
di títì láàárọ̀.
Ẹṣin gba orí omi kọjá.
Iná kì í bèèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ igi.

A rí bàtà ọmọdé kan nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀,
ti ẹsẹ̀ òsì, awọ màlúù,
wọ́n ti lẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ìkejì ńkọ́?
Bóyá ó wà lẹ́sẹ̀ tó sáré lórí yìnyín.
Mo fẹ́ gbà pé ó sáré dé èbúté.

Kò sẹ́ni tó tún un kọ́.
Ará òdìkejì wá kó èyí tí iná jẹ kù,
wọ́n fi ṣe ilé ẹlẹ́dẹ̀.
Èsìsì gba ìyókù.
Wọ́n ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì;
tibẹ̀ jó mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan.
Odi ni wọ́n mọ, odi náà ló dà:
ó ní ìtàn, kò ní ahọ́n.

Mo bi Seweryn, bó ṣe ń tún àwọ̀n rẹ̀ rán,
pé kí ló dé tí kò fa àwọn òpó náà tu.
Kò gbójú sókè.
Ó ní, "Ẹja fẹ́ràn ibẹ̀."