Ohùn Kejì

Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi tẹ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni, kí n má purọ́:
ìrẹsì ọjọ́ ìkórè, abọ́ mẹ́ta tó dín,
tí Díkónẹ́ẹ̀sì Oyètóòrò fi wò mí lójú
níwájú gbogbo Ẹgbẹ́ Obìnrin,
ó ní, "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló mọ̀."
Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Mo ká ìborí mi, mo gba ilé lọ.
Mo ní Ọlọ́run tó gbọ́ ti Hánà,
tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn,
ṣé yóò wá mi tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni?
Yàrá mi tó. Bíbélì mi tó.
Mo ń jí láago márùn-ún, mo ń dá kúnlẹ̀,
mo ń ṣe Àmín sí àdúrà ara mi.
Ó kọ́kọ́ dùn. Òótọ́ ni, ó dùn:
kò sí ìkéde, kò sí owó òrùlé,
kò sí bàbá tó ń hanrun lẹ́yìn mi.

Ṣùgbọ́n álítò ni mí.
Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ ọ́,
lápá òsì dùùrù, lẹ́bàá fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ fọ́,
mi ò sì mọ ohùn mìíràn.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo ń dá orin kọ
bí mo ti ń sá èso kaju sórí ẹní,
ọmọ ọmọ mi dúró tì mí.
"Ìyá àgbà, orin wo nìyẹn? Mi ò gbọ́ ọ rí."
Orin tó ti ń gbọ́ láti inú oyún!
Orin tí a fi sọ ọ́ lórúkọ!
Mo tún un kọ. Ó mirí.
Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja:
ohùn kejì kò ní ojú tí a fi ń dá a mọ̀
bí ohùn kìíní ò bá sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, etí ọ̀nà oko,
agbọ̀n kaju jókòó sílẹ̀, ó ń wò mí.
Mo gbé e dé orúnkún, ó padà sílẹ̀.
Ọ̀kadà kọjá. Òmíràn tún kọjá.
Ta ni mo rí tó ń tiro bọ̀
pẹ̀lú ẹsẹ̀ làkúrègbé, ike omi lọ́wọ́?
Mo yíjú sí ìdí máńgòrò bí ẹni ń wá nǹkan.
Kò kí mi. Èmi náà ò kí i.
Ó gbé ike sílẹ̀, ó di etí agbọ̀n kan mú,
ó ń dúró kí n di èkejì mú.

Nígbà tí ẹrù gúnwà sórí òṣùká mi,
ó ní, "A ò rí abọ́ náà di òní o.
Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà."
Ó dákẹ́. Ó tún ní,
"Ọmọ kékeré kan ni wọ́n fi sí àyè rẹ.
Ohùn ẹ̀ bíi ti àgùntàn."
Mo rẹ́rìn-ín, agbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù.

Mi ò tíì dárí jì í tán lọ́jọ́ yẹn.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ó sì dá orin,
ohùn rẹ̀ há, ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà,
mo sì ki tèmi bọ abẹ́ rẹ̀
bí ẹni ń ki òpó bọ abẹ́ àjà.
Ẹnu ọ̀nà ilé ni ọmọ ọmọ mi ti pàdé wa.
"Ẹ̀hẹn! Mo mọ ìyẹn!"
Mo ní kó lọ bu omi fún àlejò.